Nígbà tí mo rí koríko láti inú mọ́tò: ọ̀rọ̀ lórí ìpẹtà àti ọkọ̀ tó ti gbó

Ọ̀rọ̀ omi kànga tí mo bẹ̀rẹ̀ nígbà tó kọjá kò tíì parí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà ilé mi tó kan kẹ́mísìrì tí mo fi ọdún 37 kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì, tó sì kan ẹ̀mí ọmọ-ọmọ mi mẹ́ta. Mi ò lè dákẹ́ sí i.

A ní mọ́tò kan nílé, Peugeot 504 wagon, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1975. Mo rà á ní 1985, nígbà tí olùkọ́ yunifásítì ṣì lè yá owó ra mọ́tò tuntun kó sì san án tán. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Òun la fi gbé àbíkẹ́yìn wa bọ̀ láti ilé ìgbẹ̀bí. Òun ló gbé òkú ìyá mi lọ sílé. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, kò jẹ́ gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e jáde láìfọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń pè é ní Pijó Màmá. Ọdún 11 ló lò ní Èkó, nílé kan tí a ti ń gbọ́ ìró òkun lóru, kó tó bá wa padà sí Ìbàdàn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin mi kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá lo ọlidé láti ìlú Ọba. Wọ́n ní Pijó Màmá ni àwọn fẹ́ gùn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ní kò burú. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì, mo sì ń gbọ́ òórùn kan nínú mọ́tò náà bí òórùn aṣọ tí kò gbẹ. Mo ṣí kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sókè. Ó tutù rinrin. Mo fi àtàǹpàkò tẹ irin abẹ́ rẹ̀, ó rọ̀ bíi páálí tó ti mumi. Mo lọ mú súkúrúdíráfà. Mi ò tilẹ̀ lo agbára, ó kàn wọlé ni. Nígbà tí mo yọ ọ́, mo rí koríko.

Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ-ọmọ mi kejì máa ń gbé ẹsẹ̀ lé. Bóòtù tó di bẹ́líìtì rẹ̀ mú kò jìnnà sí ihò yẹn ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Ohun tó tún wá dùn mí ni pé mo ti sanwó àtúnṣe ibẹ̀ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Panel beater tí mo gbé e fún gba owó iṣẹ́ irin lọ́wọ́ mi. Aṣọ fáíbà àti pọ́tì ló fi dí ihò náà, ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún láti abẹ́, ó ń dán bí ìkòkò tuntun. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísìrì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún fún un lówó ọtí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń bá jà. Àwọn kan ń pè é ní ìpẹtà, àwọn mìíràn á ní irin ti dógùn-ún, Bíbélì ní ìpáàrà. Ohun kan náà ni. Irin kì í dùbúlẹ̀ sínú ilẹ̀ ní irin. Òkúta la máa ń wà jáde, nínú èyí tí irin ti so mọ́ ọ́síjìn. Àwọn àgbẹ̀dẹ wa àtijọ́ tó ń yọ́ irin nínú iléru, iná èédú ni wọ́n fi ń já ìdè yẹn. Bí irin bá ti wá bọ́ sí gbangba, tó rí omi àti afẹ́fẹ́ papọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà síbi tó ti wá. Ẹni tó bá ṣe sáyẹ́ǹsì nílé ẹ̀kọ́ girama á rántí ìṣó mẹ́ta tí a máa ń kó sínú túùbù: èyí tó wà ní ibi gbígbẹ kò dógùn-ún, èyí tó wà nínú omi tí a ti sè, tí a sì da òróró lé lórí kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé, kò dógùn-ún, èyí tó wà nínú omi lásán pọ́n wẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí a bá fi iyọ̀ sínú omi ti ìkẹta yẹn, yóò tún yá sí i.

Iyọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń jẹ irin o. Ìpẹtà dà bí iṣẹ́ bátìrì kékeré: apá kan lára irin ń pàdánù, iná mànàmáná tí ó kéré jọjọ ń gba inú irin lọ sí apá kejì, omi tó wà lórí rẹ̀ ló sì ń parí àyíká náà. Omi iyọ̀ ń gbé iná yẹn ju omi òjò lọ. Iyọ̀ tún máa ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ibi tó bá fara mọ́ kì í tètè gbẹ. Ìdí nìyẹn tí páànù ilé etí òkun fi ń bàjẹ́ ṣáájú ti Ìbàdàn, ìdí kan náà sì ni pé ọdún 11 tí Pijó Màmá lò ní Èkó jẹ ẹ́ ju gbogbo ọdún tó kù lọ.

Ohun méjì ló wá sọ ìpẹtà irin di ewu. Èkínní, kì í dáàbò bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìkòkò àlùmíníọ́ọ̀mù náà máa ń so mọ́ ọ́síjìn, ṣùgbọ́n awọ tín-ínrín tó ń ti ibẹ̀ jáde máa ń lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, á sì pa ẹnu ọ̀nà dé. Ìpẹtà irin dà bí àkàrà, ihò ló kún inú rẹ̀, omi á máa gba ibẹ̀ kọjá. Èkejì, àyè tó ń gbà ju ìlọ́po méjì irin tó jẹ lọ. Bí ẹ bá rí ọ̀dà mọ́tò tó wú bí eéwo, ẹ má ṣe rò pé òkèèrè ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà púpọ̀, láti inú ló ti jẹ irin bọ̀, ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ló wá ti ọ̀dà sókè. Eéwo tó tó owó kọ́bọ̀ lóde lè jẹ́ ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ nínú.

Ẹ̀yin tó ń wa ọkọ̀ kékeré, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti tẹ́tí dáadáa nìyí. Lọ́rí ní ṣáásí: irin méjì tó nípọn, tó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, a sì gbé bọ́dì lé e. Tí bọ́dì lọ́rí bá jẹrà, ṣáásí ṣì wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilé kò ní irú ṣáásí bẹ́ẹ̀. Bọ́dì rẹ̀ náà ni egungun rẹ̀. Irin ara rẹ̀ lóde kì í sábà nípọn tó mílímítà kan. Agbára rẹ̀ wá láti inú bí wọ́n ṣe ká a di àpótí tó ṣófo nínú. Ẹ mú bébà kan, ẹ gbìyànjú láti gbé ife lé e: yóò tẹ̀. Ẹ ká bébà yẹn bíi páìpù, ẹ gbé e dúró, yóò gbé ife náà. Ẹ wá gé e níbì kan ṣoṣo, ẹ wò ó bóyá yóò tún gbé e. Irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, tó nà láti ẹ̀yìn táyà iwájú dé iwájú táyà ẹ̀yìn, irú páìpù bẹ́ẹ̀ ni. Èmi á máa pè é ní àpótí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi ihò kéékèèké sábẹ́ rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ẹrọ̀fọ̀ dí i, tàbí panel beater kùn ún pa, omi á dúró sínú bí omi inú àmù. Ojú ò rí i, ọwọ́ ò tó o.

Nítorí náà, nígbà tí èèyàn bá bi mí pé "Prof, ṣé ìpẹtà yìí léwu?", mi ò kì í bi í pé báwo ló ṣe tóbi. Ibo ló wà ni mo máa ń bi í. Ẹnu ilẹ̀kùn tó ti jẹ, búùtù tó ti jẹ, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó pọ́n, ìyẹn ìtìjú ni, kì í ṣe ikú. Àmọ́ ihò kékeré níbi tí spring àti ṣọ́ọ̀kì ti gbára lé bọ́dì, níbi tí wọ́n de bẹ́líìtì mọ́, tàbí níbi tí wọ́n ti so steering, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ní ìlú Ọba, nígbà tí ọkọ̀ bá ti dàgbà díẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, ìlànà wọn kan sì wúlò fún wa níhìn-ín: wọ́n ń wo gbogbo irin tó wà láàárín 30 sẹ̀ǹtímítà sí àwọn ibi ìdè wọ̀nyẹn. Bí ìpẹtà bá ti sọ ibẹ̀ di aláìlágbára, ọkọ̀ yẹn ò yege. Àtúnṣe tí wọ́n sì ń gbà níbẹ̀ ni kí wẹ́dà jó irin tuntun mọ́ ọn yíká láìfo ibì kan. Pọ́tì àti fáíbà ò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Páìpù bíréèkì tún ń kọ́? Páìpù irin tín-ínrín ni, abẹ́ mọ́tò ló sì ń gbà lọ. Bí a bá tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́, páìpù tó ti jẹ kù tín-ínrín ṣì lè fara dà á. Ọjọ́ tí ọmọ bá sáré bọ́ sí títì, tí ẹ fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an ló máa ń bẹ́, nítorí pé ọjọ́ yẹn ni agbára inú rẹ̀ pọ̀ jù. Àti ilẹ̀ mọ́tò tó lu: bí sàláńsà náà bá ti jò, èéfín rẹ̀ lè gba ihò yẹn wọlé. Gáàsì kan wà nínú èéfín yẹn, carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Oorun ló máa ń kun àwọn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, èèyàn á sì rò pé ọ̀nà ló jìn tó rẹ̀ wọ́n. Ọmọ mẹ́ta tó sùn lọ lẹ́yìn mọ́tò, ta ni yóò fura?

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kò le, ìtìjú ló máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tí kò já mọ́ nǹkan. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ sókè, kí ó fi ìdúró irin gbé e dúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e, pàápàá ọkọ̀ tí a ti ń fura sí irin rẹ̀, torí jáàkì lè gba inú irin tó ti jẹrà kọjá. Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ máa kàn án jẹ́jẹ́. Irin tó yè ń dún gbangan, ó sì ń ta ọwọ́ padà. Èyí tó ti kú ń dún bí igi. Ibi tí pọ́tì wà kò dún rárá. Mágínẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ fi ń lẹ bébà mọ́ fíríìjì náà tó: ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé e, ẹ máa gbé e kiri ara mọ́tò. Ibi tó bá ti já bọ́, kì í ṣe irin ló wà níbẹ̀. Ká ní mo ti ṣe èyí ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni, owó ọtí yẹn ì bá ṣì wà lápò mi.

Ìpẹtà tó ṣì wà lórí awọ, tí búrọ́ọ̀ṣì onírin bá lè fọ̀ ọ́ kan irin funfun, èèyàn lè tọ́jú rẹ̀ nílé. Ẹ há a dé ibi tó ń dán, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi primer kùn ún kí ọ̀dà tó dé, lọ́jọ́ kan náà. Ìyá mi àgbà máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ojú àdá, ó sì tọ̀nà, nítorí pé ásíìdì inú ọsàn ń yọ́ ìpẹtà. Oògùn olómi tí wọ́n ń tà nínú ìgò, tó máa ń sọ ìpẹtà di dúdú, iṣẹ́ tó jọ bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe: ó ń sọ ìpẹtà di nǹkan mìíràn tí kò ní tètè tẹ̀síwájú. Ṣùgbọ́n kò lè dá irin tó ti lọ padà. Mílímítà tó ti sọnù ti sọnù. Ọ́ìlì àlòkù tí àwọn awakọ̀ wa ń fọ́n sábẹ́ ọkọ̀ ń lé omi sẹ́yìn fúngbà díẹ̀, lóòótọ́, ó sì ń ba ilẹ̀ jẹ́. Tí wọ́n bá wá fọ́n ọn lé orí ẹrẹ̀ tó ní iyọ̀, wọ́n kàn fi aṣọ bo egbò ni.

Ibi tó bá ti lu, tó sì jẹ́ ibi tó ń gbé ẹrù, wẹ́dà ni. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ á gé gbogbo irin tó kú kúrò títí yóò fi kan èyí tó yè. Èyí tó bá ń lẹ páànù tuntun mọ́ orí èyí tó jẹrà, ẹ gba mọ́tò yín lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó tan iná, kó tú orí bátìrì, kó yọ kápẹ́ẹ̀tì àti àga, kó sì sọ táǹkì epo kalẹ̀ bí iṣẹ́ bá súnmọ́ ọn, torí pé táǹkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, afẹ́fẹ́ epo ló kún inú rẹ̀. Bó bá fẹ́ gé àpótí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó irin ìdábùú sẹ́nu ilẹ̀kùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á ká kò, ilẹ̀kùn ò sì ní pa dé mọ́ láéláé.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí, ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀. Ní apá àríwá Amẹ́ríkà, bíi Michigan, Ohio àti New York, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Táyà á fọ́n omi iyọ̀ yẹn sábẹ́ ọkọ̀. Kódà ọkọ̀ tó ní ṣáásí kò bọ́ níbẹ̀: ní 2016, Toyota gbà láti yanjú ẹjọ́ kan lórí ṣáásí Tacoma, Tundra àti Sequoia kan tó ń dógùn-ún ní Amẹ́ríkà, ìlérí náà sì lè tó bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ó lé. Orúkọ tí a fún ọmọ tí a bí sí òkè òkun la fún àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, a ò rántí pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ti kó iyọ̀ bọ̀. Ọ̀dà òkè lè máa dán. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó yọ owó.

Mo padà sórí Pijó Màmá. Wẹ́dà kan wá wò ó, ọ̀dọ́mọkùnrin tó farabalẹ̀. Odidi wákàtí kan ló fi kan òòlù kiri. Ilẹ̀ ẹ̀yìn, ó ní òun lè ṣe é. Àpótí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọ̀tún, òun lè ṣe é. Nígbà tó dé ibi tí spring ẹ̀yìn ọwọ́ òsì ti gbára lé bọ́dì, ó dákẹ́. Ó jáde, ó nu ọwọ́, ó ní: "Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Mo lè jó o, ẹ óò sì sanwó. Ṣùgbọ́n irin tó yè tí màá jó o mọ́ ò sí. Mi ò lè fi ọmọ tèmi sínú ẹ̀." Mo wọ abẹ́ ibẹ̀ fúnra mi, pẹ̀lú orúnkún ẹni ọdún 74, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. A háyà ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Lóṣù kejì, ẹnì kan wá, ó fẹ́ rà á bó ṣe wà, kó fi máa kó èrò lọ sóko. Owó tó dá lé e fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti àwọn tó ń ra irin àlòkù lọ. Mo fi ihò hàn án. Ó ní, "Prof, ìyẹn ò le, a ó ṣe é." Ọmọkùnrin mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Dádì, ẹ ti sọ òótọ́ fún un. Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀." Mo ronú sí i fún ọjọ́ méjì, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, torí owó ìfẹ̀yìntì ò tètè dé lásìkò yẹn. Ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni pé mo ti sọ fún òun, àmọ́ èrò mẹ́sàn-án tí yóò jókòó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ta ni yóò sọ fún wọn? Pọ́tì àti ọ̀dà dúdú á tún ti dé ibẹ̀. Mo ní mi ò tà. Ọmọkùnrin mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yè, mo tà á fún ẹlòmíràn. Bọ́dì, àwọn onírin àlòkù ló rà á, àdéhùn mi sì ni pé nínú ọgbà mi ni wọn yóò ti gé e sí méjì kó tó jáde. Wẹ́dà yẹn náà ni mo ní kó wá gé e. Ọmọbìnrin mi ní kí wọ́n bá òun yọ ìlẹ̀kẹ̀ tí màmá rẹ̀ so mọ́ dígí sí ọ̀tọ̀, wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí iná wẹ́dà ya àpótí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì, erùpẹ̀ pupa dà sílẹ̀. Ìwà olùkọ́ ò kúrò lára mi, mo lọ gbé agolo mílíìkì, mo wọ̀n ọ́: agolo mẹ́rin ó lé díẹ̀. Mo wá yí àjákù irin náà padà láti wá ihò tó yẹ kí omi máa gbà jáde. Mẹ́ta ni wọ́n. Pọ́tì ló wà lẹ́nu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.